Àmì Tó Ń Jábọ́ Lọ́nà: Àgbéyẹ̀wò Bí Ìwé Yorùbá Ṣe Ń Dé Orí Ẹ̀rọ Ìkàwé

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀, ọ̀wọ́. Èyí àkọ́kọ́ la fi ń jẹun, èkejì la fi ń gbálẹ̀, ẹ̀kẹta là ń fún àgbà, ẹ̀kẹrin sì ni agbo ẹran tàbí ẹyẹ tó jọ ń lọ. Kí ẹnì kan kọ wọ́n sínú ìwé dáadáa, kí ìwé náà wá gba ọ̀nà tí kò dára kó tó dé orí ẹ̀rọ ìkàwé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti di “owo” kí òǹkàwé tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Owó tí à ń ná àti òwò tí à ń ṣe á dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di mẹ́fà. Gbólóhùn tó sọ pé ọ̀wọ̀ ló yẹ àgbà á wá di “owo lo ye agba”. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham tàbí Houston, tí àwọn òbí rẹ̀ ra ìwé náà fún kó lè gbọ́ èdè, kò ní rí ohun kankan lójú ewé yẹn tí yóò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó kọ́ là ń sọ. Òǹkọ̀wé kò ṣàṣìṣe, òǹkàwé kò ṣàṣìṣe. Lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń pa fáìlì kan dà sí òmíràn, ni nǹkan ti jábọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ bá délẹ̀ láàárín wa, ẹ̀rọ la máa ń kọ́kọ́ béèrè: ṣé Kindle ni ká rà ni àbí Kobo, ṣé fóònù ò tó, áàpù wo ló dáa? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ó ti pẹ́ jù kó tó dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí kọ̀ǹpútà ẹni tó tẹ ìwé Yorùbá ni ìwé náà ti ń yè tàbí ti ń kú. Bí lẹ́tà bá jókòó ire nínú fáìlì ìpìlẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí a ò lè gbé e lé. Bí kò bá jókòó ire, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè tún un ṣe. Ìlọrin gan-an ló yẹ ká ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ló ń gbé ìlú yẹn pọ̀. Lárúbáwá wà lọ́dọ̀ àwọn aáfà láti ayé Ṣéù Àlímì, Gẹ̀ẹ́sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, Yorùbá sì wà nínú ilé àti lọ́jà. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó tò lọ bẹẹrẹ ní Òkè-Odò àti Tanke, orí tábìlì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, níwájú atẹ̀wé kan ṣoṣo. Ọmọ kéú tó ń kọ wàláà mọ̀ pé wọ́n á fọ pákó náà lọ́la, pé ohun tó ti wọ orí òun ló kù. Wàláà ni ẹ̀rọ ìkàwé. Fáìlì ni ohun tó wọ orí.

Ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ PDF. Ilé iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an ni pé kí ojú ewé rí bákan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà àti lórí bébà. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn atẹ̀wé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn kọ́ ló wà nínú PDF. Àṣẹ ló wà níbẹ̀ pé kí wọ́n fi àwòrán lẹ́tà báyìí sí ibi báyìí. Kò mọ ibi tí ìpínrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí, àfi pé èkejì jìnnà sí i díẹ̀. EPUB, tí wọ́n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 2007, tí àjọ W3C tó ń bójú tó ìlànà wẹ́ẹ̀bù sì gbà sọ́wọ́ ní 2017, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èèyàn bá yí ìparí orúkọ fáìlì EPUB padà sí zip, tó sì tú u, á rí i pé àpò lásán ni, ojú ewé bíi ti wẹ́ẹ̀bù ló kún inú rẹ̀: orí ìwé ni orí ìwé, ìpínrọ̀ ni ìpínrọ̀, fọ́ǹtì sì wà nínú fóldà tirẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó sì ń súnkì bá ojú ẹ̀rọ mu. Ti Kindle jẹ́ ẹbí ọ̀tọ̀. Amazon ra ilé iṣẹ́ Faransé kan tó ń jẹ́ Mobipocket ní 2005, orí fáìlì MOBI ti ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì gbé Kindle lé nígbà tó jáde ní ìparí 2007. AZW3 tẹ̀lé e, KFX sì tẹ̀lé ìyẹn. Láti 2022, Amazon ti ń gba EPUB tí a bá fi ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ń fi MOBI sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi wáyà USB da EPUB sínú Kindle, ẹ̀rọ náà á ṣe bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Kobo ní tirẹ̀ á ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé ń lò, ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ tó lámì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní, ṣ náà ní, èdè Vietnam tó ń lo méjì àkọ́kọ́ sì ti ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe la máa ń tò wọ́n: lẹ́tà á ṣáájú, àmì á tẹ̀lé e, fọ́ǹtì á wá gbé àmì gun orí lẹ́tà. Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà to ẹ́ kan ṣoṣo. Ó lè mú ẹ tó ti lámì lábẹ́, kó fi àmì òkè kún un. Ó lè mú é tó ti lámì lórí, kó fi àmì kún abẹ́ rẹ̀. Ó sì lè mú e lásán, kó fi méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú ẹ̀rọ, mẹ́ta ni wọ́n. Òǹkàwé tó bá ń wá “ẹ̀kọ́” nínú ìwé tí atẹ̀wé ti da ọ̀nà méjì pọ̀ lè rí díẹ̀ nínú ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, kí ìyókù fara pamọ́ fún un, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan fara pamọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, òun ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sójú kan: ẹ tó lámì lábẹ́ lá ṣáájú, àmì ohùn á tẹ̀lé e. Ó yẹ kí gbogbo ìwé Yorùbá gba ibẹ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì ìpàdà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Ṣùgbọ́n NFC kò lè tún ohun tí kò sí nínú fáìlì ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì kò sì sí nínú fáìlì bó tilẹ̀ hàn lójú. Níbi tí kò bá ti sí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, atẹ̀wé á tẹ e, á wá fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tó fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Lórí bébà, ẹni tó bá rí i á kà á sí ẹ. Nínú fáìlì, e ló jẹ́, aṣọ ló wọ̀, aṣọ yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pa fáìlì dà. Àwọn mìíràn á tẹ gbogbo iṣẹ́ láìsí àmì, wọ́n á gbé e jáde sórí bébà, wọ́n á wá mú bírò, wọ́n á máa tò ó sórí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùúrù tó wà nínú iṣẹ́ bírò yẹn tó ohun tí à ń yìn, àmọ́ orí bébà nìkan ló mọ. Ìran kẹta ni fọ́ǹtì àtijọ́, èyí tí ẹnì kan ti bo àmì kan tí kò wúlò fún un mọ́lẹ̀, tó ya ẹ tàbí ọ̀ sí ipò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì yẹn bá wà lórí kọ̀ǹpútà, Yorùbá ni. Gbé fáìlì náà kúrò níbẹ̀, ó di àmì owó òkèèrè àti àwọn àmì tí kò nítumọ̀. Kò sí àwáwí fún èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Gboard tó wà lórí fóònù ní Yorùbá, Keyman wà fún kọ̀ǹpútà, àwọn tí Kọ́lá Túbọ̀sún kó jọ sídìí YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà sì gbé kíbọ́ọ̀dù alámì ohùn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ ọn.

Ní ti ìpàdà fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Calibre. Kovid Goyal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006 nítorí ẹ̀rọ ìkàwé Sony tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà yẹn, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́ títí dòní. Ẹni tó bá gbé fáìlì Word tí wọ́n tẹ̀ dáadáa fún un, tí orí ìwé kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ Heading 1 dípò kí wọ́n kàn sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, á gba EPUB tó mọ́ lójú, tí ìtọ́ka àkóónú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbé PDF fún un á rí ohun mìíràn. Ìwé ìtọ́ni Calibre fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé PDF wà lára ohun tó burú jù láti pa dà, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo sọ lókè: kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ipò lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ojú ewé á já sáàárín gbólóhùn. Ìlà kọ̀ọ̀kan á fẹ́ dá dúró bí ìpínrọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé àmì ohùn, tí PDF ti tò sí ipò tirẹ̀ lọ́tọ̀, lè já kúrò lórí lẹ́tà: “ọ̀rọ̀” á jáde bí “ọrọ”, àmì méjì á wá máa fò kiri ní ìparí ìlà bí ẹyẹ tí kò rí ẹ̀ka bà lé. Ọ̀fìn kan tún wà nínú Calibre tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi Yorùbá ṣe nǹkan mọ̀. Lábẹ́ Look & feel, àpótí kan wà tí wọ́n kọ sí pé “Transliterate unicode characters to ASCII”. Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lè rò pé yóò tún lẹ́tà ṣe. Tó bá fọwọ́ sí i, gbogbo àmì inú ìwé, tòkè tilẹ̀, á lọ pátá. Ti orúkọ fáìlì kò yẹ kó dẹ́rù bani: Calibre máa ń yọ àmì kúrò lára orúkọ tó fi ń tọ́jú ìwé sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n inú ìwé kò kan ìyẹn.

Bí fáìlì bá wá dé orí ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, fọ́ǹtì ló kù. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì gun lẹ́tà á fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ya àpótí òfìfo síbẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Calibre lè di ọ̀kan nínú wọn mọ́ inú EPUB kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ oríire. Kindle òde òní àti Kobo tún ní fóldà tí wọ́n ń pè ní fonts, èèyàn lè fi wáyà USB da fọ́ǹtì síbẹ̀, kó wá yàn án nínú ètò ìkàwé. Lórí Kindle, fọ́ǹtì tó wà nínú ìwé kì í hàn títí òǹkàwé á fi yan Publisher Font, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé ó wà.

Àtakò àkọ́kọ́ tí èèyàn máa gbọ́ ni pé fóònù la fi ń kàwé ní Ìlọrin, orí WhatsApp ni ìwé sì ń gbà, PDF sì ń ṣí lórí gbogbo fóònù, kí wá ni wàhálà? Òótọ́ ni pé fóònù la fi ń kàwé. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí PDF bá wa mu. Ojú ewé tí wọ́n gé fún bébà A4, tí wọ́n há mọ́ ojú fóònù tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ni òǹkàwé ń fi ìka méjì fẹ̀, tó ń fà sọ́tùn-ún fà sósì ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmì ohùn ló máa ń kọ́kọ́ pòórá lójú nígbà náà, torí òun ló kéré jù. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì á sọ ọ́ sílẹ̀. Nínú EPUB, ó kàn máa sọ lẹ́tà di ńlá ni, ìlà á sì tún ara rẹ̀ tò. Owó dátà tún wà níbẹ̀: ìwé ìtàn kan tí wọ́n tẹ̀ sí EPUB láìsí àwòrán kì í sábà kọjá MB kan, nígbà tí PDF ìwé kan náà tí wọ́n síkáànì lè wọn ọ̀pọ̀ ìlọ́po rẹ̀. WhatsApp ń gbé EPUB bó ṣe ń gbé PDF, áàpù bíi ReadEra sì ń ṣí i láìgba orúkọ tàbí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣà ló wà lẹ́yìn PDF, àṣà sì ṣeé yí padà.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, Ìlọrin fúnra rẹ̀ ló sì bí i. Ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó máa fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ Yorùbá sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, àwọn aáfà ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́, èyí tí à ń pè ní Ajami. Wákà (orin ẹ̀sìn) Badamasi Agbaji, aáfà Ìlọrin tó kú ní 1895, wà lára èyí tó pẹ́ jù tí ó ṣì wà. Kò sí àmì ohùn nínú Ajami, kò sì fi gbogbo ìgbà ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, síbẹ̀ wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ lórin, wọ́n sì fi í wàásù. Bí àwọn baba yẹn bá lè kàwé láìsí àmì, ṣé àwa ni àmì á wá di dandan fún? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ka Ajami. Ó ti gbọ́ wákà náà lẹ́nu olùkọ́ kó tó rí i lójú ìwé, ìwé náà kàn ń rán an létí ni. Àwọn tó ń kà á kò jìnnà sí ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó bá sì ṣì í kà, ẹnì kan á wà nítòsí tí yóò tún un ṣe. Ìwé tó wà lórí ẹ̀rọ ìkàwé kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí ló ń lọ bá, ní òru, ní ìlú mìíràn, òun nìkan. Ìdí tí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 fi mú àmì ohùn lọ́kùn-únkúndùn nìyẹn: bí ìwé ṣe ń jìnnà sí ẹnu ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ ń gbé ń pọ̀ sí i. Fún mi, wákà Agbaji kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí àmì. Ẹ̀rí ni pé ẹnu olùkọ́ ni àmì nígbà yẹn.

Wọ́n tún ń sọ pé ẹ̀rọ ìkàwé wọ́n, pé iná ò sí. Ti iná, ẹ̀rọ tó ń lo E Ink, ìyẹn ojú ẹ̀rọ tó rí bíi bébà, ló borí, torí bátìrì rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, èyí tí fóònù kankan kò lè ṣe. Ti owó jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní sọ pé kí òbí tó ń wá owó ilé ìwé lọ ra Kindle. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ti náwó lé lórí. Ní Oṣù Kẹfà 2013, Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ọ̀ṣun, tablet tí wọ́n kó ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sí nínú, èrò wọn sì ni kó dé ọwọ́ ọmọ 150,000. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Yunifásítì Ìlọrin pín tablet fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ní Gánà, láti 2010, àjọ Worldreader ti kó Kindle dé àwọn ilé ìwé. Mo gbà pé ìrònú ọ̀làwọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀rọ kan, ọjọ́ tí ojú ẹ̀rọ náà bá fọ́ ni òun náà ń kú. Fáìlì EPUB tó dára kò ní ẹ̀mí kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Ó lè wà lórí fóònù ìyá, lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé àti lórí Kobo ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun lọ́jọ́ kan náà.

Ibí ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń dá mi lóhùn pé ohun tó ń já wọn láyà gan-an nìyẹn: fáìlì tó rọrùn láti gbé ló rọrùn láti jí. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ó sì ka jíjá àgádágodo orí fáìlì sí ẹ̀ṣẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá nì, Fágúnwà, kú ní 1963, nítorí náà títí 2033 á fi parí, ẹnikẹ́ni tó bá ń pín ìwé rẹ̀ láìgba àṣẹ ń rú òfin, ìbáà jẹ́ nítorí ìfẹ́ èdè. Síbẹ̀ PDF kò dáàbò bo ìwé kankan. Òun gan-an ló kún orí WhatsApp. Àgádágodo náà kò sì bò wá tó bí a ṣe rò. OkadaBooks, ọjà ìwé orí ẹ̀rọ tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ta ìwé orí ẹ̀rọ, ti ilẹ̀kùn ní ìparí Oṣù Kọkànlá 2023. Nígbà tí ọjà bá tì, tí ìwé sì wà nínú áàpù ọjà náà, ẹni tó sanwó kò ní ohun tó máa gbé lọ. Ní Oṣù Kejì 2025, Amazon náà yọ àyè tí èèyàn fi lè gba ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi wáyà USB dà á sínú Kindle. Òǹkọ̀wé Yorùbá tó bá ní EPUB tirẹ̀ lọ́wọ́, tó mọ́, tó lámì, lè gbé e lọ sí ọjà mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó jẹ́ PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé nìkan ló ní, á tún ìwé tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé àtijọ́ tí fáìlì rẹ̀ kò sí mọ́, tàbí tí kò ní rí, ní ìṣòro tirẹ̀. Sísíkáànì nìkan kò tó. Tesseract, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀, ní ẹ̀yà Yorùbá, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n eruku tó bà sórí bébà ló máa kà sí àmì, àmì tó ti ṣá ló sì máa fò. Kò sí ohun tó lè rọ́pò ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa tó jókòó ti ojú ewé méjèèjì, tó ń fi ọ̀kan wo èkejì. Ó wù mí kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí gidi fún akẹ́kọ̀ọ́, dípò kí ó tún kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí yóò lọ sùn sórí pẹpẹ.

Ìwé tó le jù láti gbé dé orí ẹ̀rọ ni èyí tó jẹ́ ti Ìlọrin gan-an: èyí tí ẹsẹ Lárúbáwá wà lókè, tí Yorùbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, èkejì ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. EPUB 3, tó jáde ní 2011, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn kàn ní láti sọ fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan èdè tó jẹ́, ar fún Lárúbáwá, yo fún Yorùbá, kó sì sọ ìhà tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, àmì ìdánudúró á fò lọ sí òdìkejì ìlà. Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kì í kíyè sí. Nínú ìwé àfọwọ́kọ àwọn aáfà àtijọ́ ní apá wa, abẹ́ ni wọ́n máa ń fi tótó lẹ́tà fā sí, kì í ṣe òkè bíi ti àwọn ará Mísírà, tótó kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń fún lẹ́tà qāf. Unicode ní nọ́ńbà fún méjèèjì, 06A2 àti 06A7, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù Lárúbáwá tó wà lórí fóònù kò sábà ní wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ á ti pa ọwọ́ Ìlọrin dà sí ọwọ́ Káírò láìmọ̀. Kí ìwé tó jáde, ojú ewé ìdánwò kan ti tó: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ṣ, ń, ǹ, m̀ lórí ìlà àkọ́kọ́, ڢ àti ڧ lórí ìkejì. Kí wọ́n gbé e sórí fóònù kan, Kindle kan àti Kobo kan, kí wọ́n sọ lẹ́tà di ńlá títí tí ìlà kan á fi gba lẹ́tà mẹ́ta péré, kí wọ́n wá wo abẹ́ ẹ àti abẹ́ fā, bóyá tótó méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.